Tẹ̀tẹ̀ tàbí gbúre, ewédú tàbí ewúro: èwo ló bá ẹ̀yìnkùlé yín mu?

Ọbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa fi ń yan ohun tí a máa gbìn. Ẹni tó fẹ́ràn ewédú á ní ewédú lòun fẹ́. Ẹni tí ará ilé rẹ̀ kì í jẹ ẹ̀fọ́ mìíràn yàtọ̀ sí tẹ̀tẹ̀, irúgbìn tẹ̀tẹ̀ ló máa lọ rà. Bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, n'Ìbàdàn, nínú ilé tí mo háyà, tí igi máńgòrò ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo fọ́n tẹ̀tẹ̀ sábẹ́ máńgòrò yẹn nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó sì rọ̀. Ó hù ní ọjọ́ kẹrin, inú mi dùn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, ó tín-ín-rín bí òwú, gbogbo rẹ̀ sì tẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ́ wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn àgbà ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Lábẹ́ máńgòrò tèmi, ó tẹ́.

Níbẹ̀ gan-an, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i, gbúre tí ẹnikẹ́ni ò gbìn ti na ewé tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Mi ò tiẹ̀ bomi rin ín rí. Gbúre yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ibi tí a ní la máa kọ́kọ́ wò, kí a tó wo ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé kan ṣoṣo sì lè ní ibi mẹ́ta mẹ́rin tí ìwà wọn ò jọra: abẹ́ igi, etí ẹ̀rọ omi, ìdí ògiri, iwájú ilé tí oòrùn ń pa. Nínú ìfiwéra yìí, ibi ni mo fi pín àwọn ẹ̀fọ́ náà, kì í ṣe adùn.

Oòrùn, omi, ilẹ̀

Ẹ yan ọjọ́ kan tí ẹ máa wà nílé. Ẹ jáde sẹ́yìnkùlé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, aago méjìlá ọ̀sán àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fi òkúta sàmì síbi tí oòrùn dé nígbà kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá rí oòrùn fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibi oòrùn nìyẹn. Ibi tó bá rí wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ibòji díẹ̀ ni. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí: oòrùn kì í gba ojú kan náà kọjá látìgbà dégbà. Nílẹ̀ wa níbí, apá gúúsù ló máa ń gbà nínú oṣù kejìlá. Tó bá di oṣù kẹfà, á yà díẹ̀ sí àríwá. Ìdí ògiri tí òjìji bò nígbà ọyẹ́ lè di ibi tí oòrùn ń tà nígbà òjò. Ìyẹn ló fi yẹ kí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Ti omi, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ da omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà, kí ẹ tún da òmíràn kún un. Bí ẹlẹ́ẹ̀kejì bá fà láàárín wákàtí díẹ̀, ilẹ̀ yín dára. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí omi ṣì dúró níbẹ̀, ilẹ̀ olómi ni ẹ ní. Bó bá sì fà kí ẹ tó gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, iyanrìn ni. Àwọn ará Lẹ́kkí àti Ajáh mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ tún lè bu ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ kan, kí ẹ fi omi díẹ̀ rin ín, kí ẹ yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́. Èyí tó bá di okùn gígùn tí kò já, amọ̀ ni. Èyí tó bá ń túká lọ́wọ́, iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó bá ṣù ṣùgbọ́n tó fọ́ nígbà tí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Etí ṣọ́kàwéè ńkọ́? Bó ti wù kí ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú tó, ẹ má gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ti òdòdó.

Ojú oòrùn: tẹ̀tẹ̀ ló yá, ṣọkọ ló ń pẹ́

Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ yòkòtò jọ máa ń wà nínú agbọ̀n ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni. Irúgbìn àwọn méjèèjì kéré, ó dúdú, ó ń dán, ó sì máa ń yọ́ láàárín ìka. Ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ á ṣù sójú kan. Ibi tí wọ́n ti bára wọn mu kò jùyẹn lọ.

| | Tẹ̀tẹ̀ | Ṣọkọ |
|---|---|---|
| Ìgbà tó ń hù | nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 5 | ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan |
| Ìgbà tí a lè jẹ ẹ́ | ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 | ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 |
| Ibòji | kò fẹ́ ẹ rárá | ó lè fara da díẹ̀ |
| Kòkòrò tó ń jẹ ewé | wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ | kò tó ti tẹ̀tẹ̀ |
| Aràn inú ilẹ̀ | kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é | ó ń bà á jẹ́ gan-an |

Tẹ̀tẹ̀ wà fún ẹni tó ń kánjú. Ẹ fọ́n ọn, ẹ fi ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà sí i, ẹ bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kí oṣù tó parí, ẹ ti ń fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ ìjẹrà yẹn o. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde látinú àgọ́ máa ń jó ẹ̀fọ́, bí ẹni da omi gbígbóná sí i.

Ṣọkọ wà fún ẹni tó fẹ́ máa já á pẹ́. Ẹ má tu ú. Ẹ gé e ní nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan sókè ilẹ̀, á yọ ẹ̀ka, ẹ óò tún gé ẹ̀ka, á tún yọ. Bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan nínú méjèèjì, ṣọkọ ni mo máa mú, nítorí kòkòrò ò jẹ́ kí n gbádùn tẹ̀tẹ̀: ẹ óò jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ewé á ti di asẹ́.

Àmọ́ ẹ wo ibi tí ẹ fẹ́ gbin ṣọkọ sí dáadáa. Àwọn aràn tíntìntín kan wà nínú ilẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí, tí wọ́n máa ń wọnú gbòǹgbò. Bí ẹ bá tu ṣọkọ tó ń rọ láìjẹ́ pé omi wọ́n ọn, tí ẹ rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ṣe kókó-kókó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ewédú, ilá àti tòmátò náà kì í bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ibi tí ẹ bá ti gbin ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí, ẹ má fi òmíràn nínú wọn tẹ̀ lé e. Ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ tàbí àgbàdo síbẹ̀ ná.

Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá ka èyí. Lọ́hùn-ún, inú ìkòkò òdòdó ni wọ́n ń gbin irú Celosia, tí í ṣe ìdílé ṣọkọ wa, sí fún ẹwà. Kò sẹ́ni tó ń rò ó mọ́ ẹ̀gúsí.

Ilá náà fẹ́ ojú oòrùn, kò sì ní wàhálà púpọ̀ yàtọ̀ sí ti aràn yẹn. NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Ìdí-Ìṣin n'Ìbàdàn láti ọdún 1975, ní irú ilá tó ń jẹ́ NHAe 47-4, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló sì mọ̀ ọ́n. Tòmátò ní tirẹ̀, mo ti jáwọ́ nínú gbígbìn ín sílẹ̀ nígbà òjò. Ọ̀rinrin ilẹ̀ wa máa ń mú kí ewé rẹ̀ ní àbàwọ́n, kí èso rẹ̀ sì jẹrà kó tó pọ́n. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ gbìn ín, bí ẹ bá ní omi tí ẹ máa fi rin ín.

Abẹ́ igi: gbúre, worowó, ebòlò

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jáwọ́, tí wọ́n á ní "kò sí nǹkan tó lè hù lábẹ́ igi yìí." Irọ́ ni. Àwọn ẹ̀fọ́ tí ìyá wa ń já bọ̀ láti oko kòkó, abẹ́ ibòji ni wọ́n ti wá.

Gbúre ló rọrùn jù nínú wọn. Ẹ ra ìdì kan lọ́jà, ẹ já ewé rẹ̀ sínú ìkòkò, kí ẹ ri igi tó kù mọ́lẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan á ti mú ilẹ̀. Nínú ibòji, ewé rẹ̀ máa ń fẹ̀, ó sì máa ń rọ̀ ju ti èyí tó wà lójú oòrùn lọ. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, kì í yára kú. Omi tó wà nínú igi rẹ̀ ló ń jẹ. Omi yẹn náà ni àléébù rẹ̀. Ẹni tó bá da omi sí ọbẹ̀ gbúre ò mọ gbúre. Àwọn Ẹ̀fíìkì tó ń fi òun àti úgú se edikang ikong mọ̀ pé omi ara rẹ̀ ti tó o sè. Ẹni tí dókítà bá sì ti kìlọ̀ fún nípa òkúta inú kíndìnrín, kó béèrè kó tó sọ ọ́ di ọbẹ̀ ojoojúmọ́.

Worowó ni ọba ibòji. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ńlá ò mọ̀ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dàgbà lágbègbè oko kòkó, l'Óǹdó tàbí l'Ékìtì, kò ní béèrè ohun tó jẹ́. Ewé rẹ̀ nípọn díẹ̀, kò korò, ó sì máa ń dúró gírígírí nínú ọbẹ̀, kì í yọ́ bíi gbúre. Igi rẹ̀ náà ni a máa ń gé gbìn. Á kọ́kọ́ rá lórí ilẹ̀, lẹ́yìn náà á wá ohun tó máa fà mọ́. Ẹ fi ẹ̀ka gbígbẹ kan ti ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí igi rẹ̀ gbà, mo gbin ìdajì sábẹ́ máńgòrò, mo gbin ìdajì síwájú ilé kí n lè fi wéra. Ti iwájú ilé ń hù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ kéré, ó pọ́n bí ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Ti abẹ́ máńgòrò dúdú mìnìjọ̀. Ìyàtọ̀ wọn kò ju oòrùn lọ.

Ebòlò ńkọ́? Èmi kì í gbìn ín, mo kàn kì í ro ó dànù ni. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé irúgbìn rẹ̀ tó ní òwú funfun kiri, ibi tí wọ́n bá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán igbó ló sì máa ń bà lé. Òórùn rẹ̀ le. Nínú ilé tèmi, èèyàn méjì fẹ́ràn rẹ̀, ẹni kan máa ń jáde kúrò ní ìdáná bí a bá ń sè é.

Nítorí náà, bí ẹ kò bá ní àsìkò, gbúre. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀fọ́ tó gbówó lórí tí kì í sábà sí lọ́jà, worowó, ṣùgbọ́n ẹ óò ní sùúrù fún un fún oṣù méjì kó tó gbilẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ rántí pé igi ńlá kì í pín omi fún ẹlòmíràn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gbòǹgbò máńgòrò á ti fa gbogbo rẹ̀ kí ti ẹ̀fọ́ tó débẹ̀. Ẹ bomi rin ín, kí ẹ fi ewé gbígbẹ tó ń já bọ́ yẹn bo ilẹ̀ dípò kí ẹ máa gbá a dànù.

Ibi tí omi wà: ewédú fẹ́ omi, ṣùgbọ́n kì í lúwẹ̀ẹ́

Etí ẹ̀rọ omi, ìsàlẹ̀ àgbàlá tí ọ̀gbàrá ń gbà kọjá, ilẹ̀ àkùrọ̀: ewédú, amúnútutù àti kókò ló ń du àwọn ibi wọ̀nyí. Kókò nìkan ló lè dúró sínú omi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹrà. Amúnútutù fẹ́ kí ilẹ̀ máa tutù ní gbogbo ìgbà. Ewédú fẹ́ omi púpọ̀ àti ooru púpọ̀, ṣùgbọ́n bí omi bá dúró sí ìdí rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ewé á pọ́n. Ẹ kọ ebè gíga fún un, kí omi máa gba poro kọjá.

Ewédú ló kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fọ́n ọn lẹ́ẹ̀mejì, kò hù. Mo ti ń bú ẹni tó ta irúgbìn fún mi kí n tó padà lọ bá màmá tí mo máa ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Màmá, ewédú yìí ò hù o."

"Ṣé o fi omi gbígbóná sí i?"

"Omi gbígbóná kẹ̀? Ṣé kò ní sè ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo fẹ́ fi í sílẹ̀ kó sè. Dì í sínú aṣọ, rì í bọ omi tó ń hó, ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, kí o yọ ọ́ kíá, kí o rì í bọ omi tútù. Èèpo rẹ̀ ló le, omi ò ráyè wọlé."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ebè ti tutù.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ó mọ ìgbà tí ọjọ́ kúrú. Nígbà ọyẹ́, tí ilẹ̀ ń tètè ṣú, ewédú máa ń yára yọ òdòdó kó tó ga, ẹ óò sì rí èso ju ewé lọ. Ìgbà òjò ni ìgbà rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi amúnútutù rọ́pò rẹ̀ bí ẹ bá lómi: òun náà ń yọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá sọ pé adùn wọn dọ́gba kò tíì jẹ ewédú tí wọ́n fi ìjábẹ̀ já dáadáa.

Yangí àti iyanrìn

Iwájú ilé mi, yangí ni. Ọkọ́ máa ń dún gbàn-ùn lórí rẹ̀. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń gbin nǹkan tó ń kú síbẹ̀ kí n tó ri ewúro mọ́ ọn. Ẹ gé igi tó ti gbó díẹ̀, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ fi sọlẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ nìkan ló nílò ìtọ́jú yín. Tó bá ti mú ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ò lè pa á, á sì máa fún yín léwé fún ọ̀pọ̀ ọdún bí ẹ bá ń gé e kó má di igi gíga.

Ẹfinrin ló súnmọ́ ọn jù. Òun náà fẹ́ oòrùn, kò sì béèrè ilẹ̀ ọlọ́ràá, ṣùgbọ́n kò lágbára tó ewúro nígbà tí omi bá wọ́n pátápátá. Èyí tó fi ju ewúro lọ ni pé igi kan ṣoṣo tó ilé, ó sì lè gbé inú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ti ará Èkó tí iyanrìn bá ní ilẹ̀, omi nìkan kọ́ ni ìṣòro yín. Oúnjẹ tó wà nínú ilẹ̀ náà ń bá omi lọ. Ìgbẹ́ adìyẹ tí ẹ bá dà sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òjò méjì á ti fọ̀ ọ́ wọlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fi sí i, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, kí ẹ sì máa po ewé jíjẹrà mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ewúro àti ẹfinrin ṣáájú, kí ẹ tó dán tẹ̀tẹ̀ wò.

Ìdí ògiri: úgú tàbí amúnútutù

Àwọn méjèèjì ń fà, ẹ lè na okùn fún wọn lára fẹ́ǹsì. Úgú fẹ́ àyè: ẹ fi nǹkan bíi mítà kan sí àárín ọ̀kan sí èkejì. Inú èso rẹ̀ ni kí ẹ ti yọ hóró tuntun, kí ẹ má tọ́jú rẹ̀ pẹ́, torí pé tó bá gbẹ tán kò ní hù mọ́. Akọ àti abo wà nínú úgú, abo ni ewé rẹ̀ máa ń tóbi tó sì máa ń so, ṣùgbọ́n ẹ kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ láti inú hóró. Ẹ gbin púpọ̀. Fún fẹ́ǹsì kékeré, amúnútutù ti tó.

Bó bá jẹ́ sìmẹ́ǹtì ni gbogbo àgbàlá

Àpò ìrẹsì, bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti là, kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí, gbogbo wọn ló ṣeé lò, bí ẹ bá ti lu ihò sí ìdí wọn. Gbúre, ṣọkọ, ẹfinrin àti ata ni mo máa ń sọ fún èèyàn pé kó fi bẹ̀rẹ̀, ata kan sí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ má gbin úgú sínú àpò kékeré, á kàn máa fà láìní ewé. Sìmẹ́ǹtì máa ń gbóná lọ́sàn-án: ẹ gbé àpò lé orí bíríkì méjì, kí ìdí rẹ̀ má baà máa jóná.

Lónìí, ewúro ló wà níwájú ilé mi, ewédú wà létí ẹ̀rọ omi, ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ ń pààrọ̀ àyè lójú oòrùn, worowó ló gba abẹ́ máńgòrò. Bàbá onílé sì ti ní àwọn máa gé máńgòrò náà kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀ka rẹ̀ ti ń na páànù. Bí wọ́n bá gé e, màá gé igi worowó lọ sẹ́yìn ìdáná, níbi tí òjìji ṣì wà, màá sì tún fọ́n tẹ̀tẹ̀ síbi tó ti tẹ́ níjọ́sí.